Èyí Ti Bu

Ọ̀bẹ pẹlẹbẹ kan wà nílé wa ní Ìsọ̀lọ̀,
èkù rẹ̀ ti dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò.
Òun ni bàbá mi, Akínrìnlọlá, fi ń la kòkó
ní ilé ìkẹ́rù ọ̀nà Ọ̀dà, fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n:
ọgọ́rùn-ún horo, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì,
á là á sí méjì, á wo inú.
Èyí dára. Èyí dára. Èyí ti bu.
Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán, ẹ ò lè mọ̀ láti òkèèrè,
àfi bí ọ̀bẹ bá wọ inú rẹ̀
kí ẹ tó rí irun funfun wínníwínní
tó ti tẹ́ ẹní sínú ilé onílé.

Lóṣù Kẹjọ, kòrónà mú un.
Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni àgbá afẹ́fẹ́ fi jókòó tì í
bí àlejò tí kì í sọ̀rọ̀, tó kàn ń mí.
Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ tí ń bá ara wí
kí ara má baà fi ìbínú jó ilé ara rẹ̀.
Ó ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́, mi ò ní purọ́.
A gbé e relé, a dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì,
kò sì sẹ́ni tó rántí nínú wa
pé olè tó ń lọ kì í bá onílé ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, ikọ́ padà dé.
Ẹ̀jẹ̀ bí orí abẹ́rẹ́ nínú áńkáṣíìfù,
lẹ́yìn náà bí ojú ẹyẹlé.
Ikọ́ ife ni, wọ́n ní. Oògùn oṣù mẹ́fà.
Bàbá ń gbé e mì, ó ń rù.
Bẹ́líìtì rẹ̀ ń wá ihò tuntun,
èmi ni mo fi ìṣó gbígbóná lu ú fún un.

Dókítà Fáparúsì ló ní ká tún ya fọ́tò àyà rẹ̀,
obìnrin kékeré, ohùn rẹ̀ bí ẹni ń kàwé fún ara rẹ̀.
Ó gbé fíìmù náà síwájú fèrèsé,
Àkúrẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, òrùlé tó ti dógùn-ún, òjò tó ṣú.
“Ẹ wo ibí, ihò ni. Ẹ wo nǹkan roboto inú ihò.
Kì í ṣe ikọ́ ife. Ìbátan olú ni,
irú èyí tí ń hù lára búrẹ́dì, lára ògiri tó rin.
Gbogbo wa là ń fà á símú lójoojúmọ́,
ara tó le á gbá a jáde.
Àìsàn àkọ́kọ́ lọ, ilé dá páropáro,
kò sí onígbàálẹ̀.”

Bàbá gbé ojú sún mọ́ fíìmù náà.
Ó pẹ́ kó tó fọhùn.
“Èyí ti bu,” ó ní,
bí ẹni tó fẹ́ kọ nọ́ńbà sínú ìwé.

Oògùn náà wà, n'Íbàdàn. Iye rẹ̀, ẹ má bèèrè.
Mo ta fíríìjì. Adéníkẹ̀ẹ́ ta ilẹ̀ rẹ̀ lẹ́bàá odò Àlà.
A ò jà. A jà díẹ̀.

Ó ṣì wà. Ẹ má tíì bá mi yọ̀ jù:
àtẹ̀gùn mẹ́rin, ó ti jókòó.
Wọn ò jẹ́ kó wọ ilé ìkẹ́rù mọ́, nítorí eruku.
Àga rẹ̀ ń bẹ níta lábẹ́ máńgòrò,
àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ á gbé horo wá bá a lórí àwo.
Èyí dára. Èyí dára.
Nígbà mìíràn á dúró lórí ẹyọ kan,
á fi àtàǹpàkò bo ìdajì tó bu,
á máa wo ìdajì kejì
títí òjò á fi bẹ̀rẹ̀.