Orúkọ Tí Iná Mọ̀

Ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì gbé rọ́tà tuntun wá fún ìyá bàbá mi,
ó funfun, ó pẹlẹbẹ bí àwo ìjẹun.
Ọkùnrin tó gbé e wá kàn án mọ́ ògiri, ó mu kọfí, ó lọ.
Kí ilẹ̀ tó ṣú, ilé Aune ò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́.

"Amúlégbóná dúró sórí méjìlá," ó wí lórí fóònù,
"kọ́tìnnì ò ṣí. Kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà ní òun ò rí ẹnikẹ́ni.
Èmi nìyí o, mo dúró gbagidi níwájú ẹ̀,
mo dé fìlà pupa!"

Mo wọ rélùwéè láti Oulu dé Kemi.
Òkun ti dì.
Aago mẹ́ta ọ̀sán, òru ti wọlé jókòó.

Ilé ìdáná ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo ṣe bí ìwé ṣe wí:
mo yọ rọ́tà nínú iná, mo ka ení dé ọgbọ̀n, mo dá a padà.
Mo pa gílóòbù orí tábìlì, mo tàn án,
mo pa á, mo tàn án, ẹ̀ẹ̀marùn-ún,
títí ó fi ń ṣẹ́jú bí ẹni tí iyanrìn kó sí lójú.
Fóònù ní: A kò rí ẹ̀rọ kankan.
Mo tún un ṣe. Fóònù ní: A kò rí ẹ̀rọ kankan.

"Ṣé wọ́n ti kú ni?" Aune bi mí.
Súwẹ́tà bàbá àgbà ló wọ̀, apá rẹ̀ gùn jù ú lọ.
"Wọn ò kú, Màmá. Wọ́n ń wá ẹnìkan."

Nítorí Taisto ló fi wọ́n sílé,
nígbà ìwọ́wé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kọ àtẹ̀gùn:
gílóòbù mẹ́rìnlá, ó gun àga fún gbogbo wọn,
ó ní kí ìyàwó òun má baà máa táràrà ògiri lóru.
Orúkọ kan ṣoṣo ló kọ́ wọn.
Rọ́tà tuntun ń jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà, bí àmì ẹrù inú ọkọ̀ òfurufú;
wọ́n ń pe orúkọ àkọ́kọ́ nínú òkùnkùn,
kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Lálẹ́ yìí, orúkọ ni mo gbọ́dọ̀ wò kí n tó rí ilé.

Fóònù mi rántí rẹ̀ láti Àjíǹde tó kọjá: Hauki.
Ẹja nìyẹn, ẹlẹ́yín ṣóńṣó inú odò Kemijoki.
Mo fi orúkọ náà fún ojú ọ̀nà rọ́tà tó ń falẹ̀,
nítorí èyí tó yára, gílóòbù ò lè bá a rìn.
Ó ku ọ̀rọ̀ aṣínà.
"Odò yẹn, àti ìwọ̀n ẹja tó pa," Aune wí.
Gbogbo ẹbí ló mọ̀ ọ́n: kílò méjìlá.
Mo tẹ Kemijoki12000.
A dúró. Iná kan ò mì.

Aune bú sẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà ìsìnkú.
"Méjìlá ló ń sọ fún yín! Èmi ni mo di òṣùwọ̀n mú.
Kílò mọ́kànlá, irinwó gíráàmù.
Taisto lè bu iyọ̀ sọ́rọ̀ fún ènìyàn; kì í purọ́ fún ẹ̀rọ."

Kemijoki11400.

Ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà iná ọ̀dẹ̀dẹ̀, iná yàrá,
ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ tó gbọ́ ohùn bàbá lẹ́yìnkùlé.
Amúlégbóná kérora, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.
Aune já síta pẹ̀lú fìlà pupa;
kámẹ́rà ní: Ẹnìkan wà lẹ́nu ọ̀nà.

Mẹ́tàlá nínú mẹ́rìnlá.
Ti ilé ìdáná ṣì ń ṣẹ́jú, èyí tí mo pa tí mo tàn lẹ́ẹ̀marùn-ún:
èmi ni mo pa iyè rẹ̀ rẹ́. Kò mọ Hauki, kò mọ Taisto.
Mo fẹ́ kọ́ ọ. Aune gba fóònù lọ́wọ́ mi,
ó ká apá súwẹ́tà sókè,
ó ń fi ìka kan tẹ lẹ́tà lẹ́yìn lẹ́tà,
ó ń sọ fún gílóòbù náà bí odò ṣe rí lọ́jọ́ náà,
kọfí mi sì ti tutù kí wọ́n tó dé orí ìwọ̀n.