Lẹ́tà Tó Ń Tiro

Wọ́n ní ẹgbẹ́ ti kú; iná kú, eérú bojú.
Ìpàdé ìkẹyìn ní Liverpool: ènìyàn méje, ajá kan lórí àga.
Malachy kò bá wọn jiyàn.
Ó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àlòkù sọ̀kalẹ̀ sí yàrá abẹ́lẹ̀
lẹ́yìn èbúté, ó ń to lẹ́tà sẹ́yìn-sẹ́yìn
bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà lókùnkùn.
Lẹ́tà kan tán. Ó dorí òmíràn kodò, ó fi dí i:
Áyálándì bẹ̀rẹ̀ sí í tiro.

Ìyá Gráinne kò mọ̀wé. Ó fi kọ́bọ̀ kan rà á,
ó gbóòórùn tàdáwà,
ó ká a sábẹ́ ìborùn.

Ìpàdé tó tẹ̀lé e, àga ò tó.
Wọ́n lé ajá dìde.