Ó Dé Fìlà

Músíọ̀ Bàmigbádé, ará Àjàṣẹ́,
tó ń kọ́ wa ní èdè Faransé n'Iléṣà,
lọ́jọ́ kan tójò ń lu páànù tí a ò gbọ́ra wa,
kọ ọ̀rọ̀ mẹ́fà sójú bọ́ọ̀dù:
vinsse, vinsses, vînt,
vinssions, vinssiez, vinssent.
Ó ní gbogbo rẹ̀, “wá” ni.
“Wá” kan ṣoṣo, ẹ̀wù mẹ́fà.

Àwa tí “wá” tiwa kì í pààrọ̀ aṣọ,
mo wá, o wá, wọ́n wá,
bó ṣe jí náà ló ṣe ń jáde,
ẹ̀rín pa wá.
Jọláadé béèrè pé, “Músíọ̀, ta ló ń sọ ọ́?”
Ó ní, “Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ mọ́.
Àwọn Faransé gan-an ti gbé e sájà.
Inú ìwé ló kù sí.
Ohun téèyàn fẹ́ nígbà kan ni,
tí àná ti gbé mì kó tó ṣẹ.”

Mo dákẹ́.
Mo mọ ẹnì kan tó ń sọ ọ́ láràárọ̀,
bó bá ti ń gbá iwájú ilé wa.

Bàbá mi, Ọ̀ṣúndínà, òṣómàáló,
ẹni tó lè lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè
láti ìdájí dìrọ̀lẹ́ nítorí ṣílè mẹ́ta,
gbé ìdì aṣọ, ó gba Abíjàn lọ
nígbà tí mo wà nínú oyún oṣù márùn-ún.
Ó fi fìlà abetí-ajá kan kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Yèyé mi kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọn eruku rẹ̀.
“Mo fẹ́ kó wá,” ló wí lọ́dún tí mo dáyé.
“Mo fẹ́ kó wá,” ló wí lóṣù tó kọjá.
Ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn kan náà,
èmi nìkan ló gbọ́ pé ó ti gbó.
Ó lóṣòó ti ọ̀nà
bí ẹni pé ọ̀nà ló jẹ ẹ́ lówó.

Mo ní, “Yèyé, ẹ wí pé vînt.”
Ó na ìgbálẹ̀ sí mi:
“Ìjẹ̀ṣà kì í rídìí ìṣáná,
ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko.
‘Wá’ tí mo ní tó mi í fi pè é.”

Ṣùgbọ́n ẹ wo bọ́ọ̀dù yẹn.
Nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹnì kẹta nìkan ló dé fìlà,
ẹni tí kò sí níbẹ̀, tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn.
Wọ́n yọ àmì bíńtín tó wà lórí “i”,
wọ́n fi abetí-ajá rọ́pò.
“Lẹ́tà kan ló kú síbẹ̀ láyé àtijọ́,” Músíọ̀ wí,
“fìlà yìí ni wọ́n fi sàmì sójú oórì rẹ̀.
Ẹ má gbàgbé rẹ̀ o. Bẹ́ ẹ bá ṣí fìlà, ó di vint.
Ó wá nìyẹn. Ó ti dé. Ọ̀rọ̀ ti parí.”

Ìdánwò kò. Ìbéèrè kẹrin:
*Ìyá mi fẹ́ kó ……* Ẹ fi ọ̀rọ̀-ìṣe tó yẹ dí àlàfo.
Mo mọ̀ ọ́n. Mo búra, mo mọ̀ ọ́n.
Bírò mi dé orí “i”, ó dúró.
Mo rántí ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn,
mo fi àmì bíńtín síbẹ̀,
mo dá ìwé padà.
Ẹni tó dé fìlà kò dé.
Mo ṣí i fún un kó lè dé.

Músíọ̀ fi bírò pupa dá fìlà náà padà,
ó yọ máàkì kan.
Ìwé ọ̀hún wà lọ́wọ́ mi dòní.
Bí mo bá fi àtàǹpàkò bo ibi pupa yẹn,
ọkùnrin kan a máa bọ̀ láti Ẹrẹ́jà,
ìdì aṣọ léjìká,
kò dé nǹkan kan sórí.