Orí Lo Fi Ń Bọ̀

Ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógójì, ní Bwari.
Nọ́ọ̀sì Ládì gbé ọwọ́ tútù lé mi níkùn,
ó tẹ ìsàlẹ̀, ó tẹ òkè, ó ní, "Ya juya."
O ti yí padà.
Bí ìkòkò Ushafa tí amọ̀kòkò dojú rẹ̀ délẹ̀ kí ó lè gbẹ,
bẹ́ẹ̀ lo ṣe wà báyìí.
Mo dúpẹ́. Ẹni tó bá ń bọ̀ wáyé, orí ni kó fi ṣíwájú.

Ó ní irun wẹ́wẹ́ tó bò ọ́ lára ti ń re,
ọ̀rá ń dì sábẹ́ awọ rẹ,
ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ní ìgbọ̀nwọ́,
aṣọ òtútù tí ẹnikẹ́ni kò rán.
Èkánná rẹ ti dé góńgó ìka.
O sì ti ń kọ́ mímí níbi tí kò sí afẹ́fẹ́:
o ń fa omi sínú, o ń tú u jáde,
bí ọmọ kéú tó ń ka wàláà
kí ó tó mọ ìtumọ̀ ohun tó ń kà.

Ọyẹ́ ti dé. Ètè mi ti là.
Eruku wà lórí àwo, lórí Bíbélì, nínú gaàrí.
Ibi tí o wà nìkan ni kò dé.

Ìyá Ṣékwò gba iwájú ilé kọjá, ìdì igi léjìká.
Gbàgyí kì í fi orí rẹrù;
àwa, orí la mọ̀.
Ó wò mí, mo wò ó, a bú sẹ́rìn-ín:
ẹrù tèmi kò kan orí, kò kan èjìká.
Ó ní, "Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ láyọ̀," ní Yorùbá tó kọ́ lọ́dọ̀ mi.

Bàbá rẹ wà ní Kòntàgórà, ó ń wọn ilẹ̀ fún àwọn tó ń la ọ̀nà.
Alaalẹ́ ni mò ń gbé fóònù lé ibi tí mo rò pé etí rẹ wà.
Kò mọ èwo ni yóò kì ọ́,
ó bá ń pe méjèèjì: Àkànó, Àwẹ̀ró, Àkànó, Àwẹ̀ró.
Ó dé orí ọ̀kan, o gbá mi nípàá.
N kò sọ èwo fún un.

Agogo mẹ́ta òru, òsúkè mú ọ.
Ikùn mi ń ta pọ́n-ún, pọ́n-ún,
bí ọmọrí ìkòkò lórí iná.
Mo kà á dé mẹ́rìnlélógún, mo sùn lọ.

Láti àná ni mo ti rí èémí mi gbà padà.
O ti sọ̀ kalẹ̀ sáàárín ìbàdí mi;
àyà fúyẹ́, itan wúwo,
mo ń rìn lọ síbi kànga bí pẹ́pẹ́yẹ.

Má kánjú. Jẹ́ kó di Jímọ́ọ̀ kí bàbá rẹ wọlé.
Ṣùgbọ́n bí o bá kọ̀,
mo ti fi èédú kọ nọ́ńbà Danládì oníkẹ̀kẹ́ sára ògiri,
gàdàgbà,
kí n lè rí i nínú òkùnkùn.