Kọ́kọ́rọ́ Kànga

Ọjọ́ Ajé ni baba onílé ti kànga pa.
Irin pẹlẹbẹ ló fi dé e lẹ́nu,
ó so àgádágodo mọ́ ọn, ńlá bí orí ọmọ tuntun,
ó sì gba àárín ọgbà kọjá láì kí ẹnikẹ́ni.

Alágbàfọ̀ ni mí, ní Òkè-Àró, l'Ákùúrẹ́.
Ẹ bá mi rò ó: alágbàfọ̀ tí kò lómi.
Aṣọ funfun nọ́ọ̀sì mẹ́fà wà nínú ọpọ́n,
ọṣẹ ń gbẹ mọ́ wọn lára
bí èépá ojú egbò.

Mo gbé kéègì, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò Àlà.
Mo wo omi, omi náà wò mí.
Ọ̀rá ń léfòó, bàtà ẹsẹ̀ kan ń wá ìkejì rẹ̀.
Mo yí padà.
Mo ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà, igba náírà kéègì kan,
èrè oṣù mi ń kán sínú korobá,
tó, tó, tó.

Baba Akínrìnmádé ní a jẹ òun lówó ẹ̀rọ.
Mo ní, "Baba, mo ti san án."
Ó ní, "Ta ló rí ọ?"

Sínótù yàrá kẹta ti mú òòlù jáde.
Ó ní kí á fọ́ ọ, kí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀.
Mo ní, rárá o, àbúrò mi.
Bí a bá fọ́ irin lónìí,
ẹjọ́ irin ni a ó máa rò lọ́la,
kò sẹ́ni tí yóò rántí omi.

Agolo mílíìkì kan wà lábẹ́ ibùsùn mi.
Inú rẹ̀ ni mo ń ju rìsíìtì sí láti ọdún tí mo wọlé.
Lóru ọjọ́ náà mo dà wọ́n sílẹ̀,
wọ́n ti ká kò, wọ́n rún wómúwómú.
Mo finá sí áyọ́ọ̀nù eléèédú,
mo lọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan
bí ẹni ń lọ̀ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì adájọ́.

Ọ́fíìsì onílàjà wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Alágbàká.
Ìyáàfin Fáróyè ka ìwé mi, ó kà á tán,
ó yọ awò ojú rẹ̀.
"Baba, ẹ̀yin ńkọ́?"

Baba ṣí fìlà.
Ó wo inú rẹ̀ títí,
bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ èsì sí.

"Ẹ̀rọ ti jóná láti oṣù Ẹrẹ̀nà.
Owó tí wọ́n san, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo fi rà.
Owó ìfẹ̀yìntì mi kò tíì dé.
Mo ti kànga
kí wọ́n má baà yọjú wo inú rẹ̀
kí wọ́n rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Ẹnikẹ́ni kò fọhùn.
Fáànù ń yí lókè, ó ń dún bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀.

A kọ ọ́ sílẹ̀: àwa ayálégbé ni yóò ra ẹ̀rọ,
a ó máa yọ ọ́ nínú owó ilé, oṣù mẹ́rin gbáko.
Kọ́kọ́rọ́ kò gbọdọ̀ gbé àpò ẹnì kankan,
orí ìṣó ni yóò wà, lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.
Baba bu ọwọ́ lù ú, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n.
Tèmi náà gbọ̀n. N kò mọ ìdí.

Omi àkọ́kọ́ pọ́n bí tíì, a dà á nù.
Ìkejì ń rùn bí irin.
Ìkẹta ni mo fi ṣan aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, baba kan ilẹ̀kùn mi.
Agbádá funfun kan wà lápá rẹ̀,
àbàwọ́n epo lọ́rùn.
Kò sọ̀rọ̀. Ó na owó sí mi, ó pé.
Mo kọ rìsíìtì fún un.
Ó wò ó pẹ́,
ó ká a sí mẹ́rin,
ó fi í sínú fìlà.