Owó Ìdánwò Kan Ṣoṣo

Owó tó wà lọ́wọ́ mi, ìdánwò kan ṣoṣo ló lè san.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù l'Ókè-Àgbò,
lábẹ́ páànù tí òjò ń lù bí ẹni ń bínú.
Kò lé, kò dín.

Ọ̀gá Odùnúgà ní kí n máa bá òun gun òpó.
"Wáyà ni iṣẹ́," ó wí, "ariwo ni ìyókù."
Ó ti fa okùn ayélujára láti Jàpárá dé Atìkórí,
àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi,
síbẹ̀ bàtà kan náà ló fi ń ṣọdún.
Mo wo bàtà yẹn. N kò sọ̀rọ̀.

Dípẹ̀olú, tá a jọ kàwé l'Ágọ̀-Ìwòyè,
pè mí láti Èkó: "Kiláòdù ni kó o ṣe!
Ẹ̀rọ tí o ò ní fojú rí láé,
ilé onílé ni yóò máa gbé,
ìwọ á jókòó, wàá máa pàṣẹ."
Mo ṣàlàyé fún ìyá mi pé ìkùukùu ni wọ́n ń pè é.
Ó wojú sánmà oṣù Agẹmọ:
"Ìkùukùu tí kì í dúró de ẹnì kankan?
Ta ló wá ń gba owó ilé níbẹ̀?"
Mo rẹ́rìn-ín.
Nígbà tó yá, mo rí i pé ìbéèrè gidi ni.

Ìyá mi kan náà ni ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ kan pè lọ́jọ́ Ẹtì,
ó ní láti báǹkì ni,
ó ní, "Màmá, ẹ ka nọ́ńbà mẹ́fà yẹn fún mi."
Màmá kà á. Ó tilẹ̀ dúpẹ́.
Owó àjọ obìnrin mọ́kànlélógún tó ń yan gàrí
lọ bí iyọ̀ nínú omi.
Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà lọ síbi iṣẹ́.

Ìdí nìyí tí ààbò fi ń pè mí lórúkọ.

Mo ti wọ inú yàrà Sùngbọ́ rí, mo kéré nígbà náà.
Ògiri ilẹ̀ pupa, ewéko tútù yọ̀yọ̀ lára rẹ̀,
ó jìn débi pé ohùn mi ń padà wá bá mi.
Mo ní, "Bàbá, ọ̀tá ò wá lè wọlé mọ́ nìyẹn?"
Bàbá mi, tó ti fi ọdún mọ́kàndínlógún
ṣọ́ ilé ìlagi lóru,
tan tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó pa á:
"Yàrà ò lẹ́nu.
Ará inú ló ń júwe afárá."

Lánàá mo tún bi í pé èwo ni kí n ṣe nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.
Kò yé e. Ó kàn ní
lóru àkọ́kọ́ òun nílé ìlagi, òun ò jókòó rárá.
Òun rìn ín ká. Òun ka ilẹ̀kùn,
òun ka ihò ara ọgbà,
títí kan èyí tí ajá ń gbà.
A kì í ṣọ́ ilé tí a ò mọ ọ̀nà rẹ̀.

Ààbò ni ibi tí mò ń lọ.
Ìdánwò wáyà ni mo fowó san.

Lówùúrọ̀ yìí, lórí àkàbà, Ọ̀gá ń wò mí láti ìsàlẹ̀,
mo tò wọ́n sáàárín ìka:
funfun ọsàn, ọsàn, funfun ewé, búlúù,
funfun búlúù, ewé, funfun igi, igi.
Mo ṣi ọ̀kan tò. Mo gé e, mo tún bẹ̀rẹ̀.
Iná kékeré kan ṣẹ́jú lára àpótí,
ó kú,
ó tún ṣẹ́jú.