Fèrèsé Kejì

Níbi fèrèsé kejì nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé
ní ilé ìwòsàn wa ní Èjùkù.
Ṣí ẹsẹ̀ kan kúrò níbẹ̀, ó tán,
àpáta ẹ̀yìn ilé ti gbé e mì.
A fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sílẹ̀ níbẹ̀,
bí àwọn ọmọdé ṣe ń fàlà eré.

Aago méjì òru kọjá díẹ̀ ni wọ́n gbé Ìbítómi dé
lórí ọ̀kadà, láàárín bàbá àti ìyá,
ọmọ ọdún méjì tí ìgbẹ́ gbuuru àti èébì ti fà gbẹ.
Mo fa awọ ikùn rẹ̀ sókè,
ó dúró bẹ́ẹ̀ bí aṣọ tí a kò lọ̀.
Mo wá iṣan ní ọwọ́, mo wá a ní ẹsẹ̀, mo wá a ní orí.
Gbogbo wọn ti sá
bí odò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń sá sábẹ́ iyanrìn.

Kàbbà jìnnà. Ọ̀nà Ìsánlú, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n,
kò sẹ́ni tí í gbà á lóru mọ́.

Mo pe Lọ́kọ́ja.
Ojú Dókítà Ozohu yọ, fìlà oorun ṣì wà lórí rẹ̀.
"Okun o," ló kọ́kọ́ wí.
Ọmọ Ebira ni, Yorùbá rẹ̀ a máa ta kókó,
ṣùgbọ́n ìkíni wa yìí, kò ṣì í sọ rí.
Lẹ́yìn náà: "Ta ló máa di fóònù mú?"

Ọbáyọmí, igbákejì mi, ti lọ sìnkú ní Mọ̀pà.
Ìyá ló di ọmọ mú.
Bàbá bọ́ sórí àmì ṣọ́ọ̀kì,
ọkùnrin tó ń fi àdá ya igbó kọfí,
ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé ọmọ ń fò lójú dókítà.
"Bàbá, ọwọ́ yín ni ojú mi lóru yìí.
Ẹ má jẹ́ kí ojú mi gbọ̀n."
Ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé etí fèrèsé,
ó fi eyín di ètè,
ó dúró.

"Abẹ́rẹ́ eegun ńkọ́?"
Ó wà, nínú ọ̀rá rẹ̀, láti ìgbà ìdánilẹ́kọ̀ọ́.
Itan adìẹ ni mo fi kọ́ ọ. Adìẹ kì í ní ìyá tó ń wo ni.

"Wá orúnkún. Sọ̀kalẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan.
Yà sínú, níbi tí eegun ti tẹ́.
Rárá, o ga jù. Níbẹ̀. Níbẹ̀ gan-an.
Tì í, kí o máa lọ́ ọ."
Ọmọ náà kò ké; èyí ló bà mí lẹ́rù jù.
Nǹkan bọ́ lábẹ́ àtàǹpàkò mi,
bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ ilẹ̀ tí ikán ti jẹ nínú.
"O ti wọlé," ló wí, kí èmi tó mọ̀.
"Kílò mélòó?" Mẹ́sàn-án.
"Ọgọ́sàn-án mílílítà. Fi sìríǹjì tì í. Kà á sí mi létí."

Ogún. Ogójì. Ọgọ́ta.
Ojú rẹ̀ fọ́ sí wẹ́wẹ́ lórí fóònù,
ẹnu rẹ̀ ṣí, ohùn kò jáde.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.
Kò sẹ́ni tó sọ bí ọjà náà ṣe lè jìnnà tó.

Ọgọ́rin. Ọgọ́rùn-ún.
Bàbá kò sọ fóònù kalẹ̀,
ó ń nà án sí ọmọ bí àtùpà tí epo rẹ̀ ti tán.
Okun la fi ń kíra nílẹ̀ wa.
Okùn tín-ín-rín ni mo dì mú lóru yẹn,
n kò mọ̀ bóyá ẹnìkan ṣì wà ní orí kejì.

Ní ọgọ́jọ, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mì.
Ní ọgọ́sàn-án, ó ké,
igbe pẹ́ńpẹ́, bíi ti ọmọ ológbò,
ìyá rẹ̀ sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìmọ̀.

Aago mẹ́rin ku díẹ̀ kí fóònù tó dún.
Kò kí mi. Kò bi mí ní nǹkan kan.
"Gbé e sún mọ́ ẹnu rẹ̀," ló wí, "jẹ́ kí n gbọ́."

Ìgbà yẹn ni mo wo ilẹ̀.
Bàbá ṣì dúró síbẹ̀.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti nu gbogbo ṣọ́ọ̀kì náà tán.